Òṣùpá, Máàsì àti ọjọ́ tó ń sún: Kí ló dé táwọn kan ò fi gba ìlérí ìjọba gbọ́?

Bí ìjọba kan bá ti kéde pé òun fẹ́ rán èèyàn padà sórí òṣùpá, tàbí pé pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ló kàn, àwọn kan á máa yọ̀, àwọn kan á ní irọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú, nítorí àwọn tó ń pariwo "irọ́ ni" kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Ọ̀kan ń sọ pé èèyàn ò dé òṣùpá rí láyé. Èkejì gbà pé wọ́n dé ibẹ̀, ó tilẹ̀ mọ orúkọ àwọn tó lọ. Ọdún tí ìjọba ní àwọn yóò padà lọ ni kò gbà gbọ́. Ẹ̀kẹta gbà pé wọ́n lè lọ, ó kàn ń béèrè ìdí tí wọn ò fi rán róbọ́ọ̀tì. Ẹ̀kẹrin ń wo owó ni tirẹ̀.

Ti ẹni àkọ́kọ́ kò ní gbà wá lákòókò. Láàárín oṣù Keje 1969 sí oṣù Kejìlá 1972, ìgbà mẹ́fà ni ọkọ̀ Apollo gbé èèyàn gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Èèyàn méjìlá ló rìn níbẹ̀, wọ́n sì kó òkúta àti erùpẹ̀ tó wọn kílò 382 bọ̀ wálé, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣì ń yẹ̀ wò dòní. Àwọn mẹ́ta tó kù ni àlàyé yìí wà fún. Amẹ́ríkà la ó sì máa tọ́ka sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ìlérí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ owó ti wà ní gbangba.

## Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe irú ìlérí yìí nìyí?

Rárá. Yorùbá ní ẹni tó bá fẹ́ dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. Ọrùn ìjọba gan-an ni àwọn oníyèméjì ń wò.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, tí òkìkí Apollo 11 ṣì ń kàn, ìgbìmọ̀ kan tí igbákejì Ààrẹ Spiro Agnew ṣe alága fún gbé ètò ńlá kalẹ̀: ibùdó lójú òfúrufú, ibùdó lórí òṣùpá, àti ìrìn-àjò sí Máàsì tó lè wáyé láàárín àwọn ọdún 1980. Ààrẹ Richard Nixon wo iye tí yóò ná wọn, ó wá mú ẹyọ kan péré nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn Space Shuttle, ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n á máa tún lò, ó sì fọwọ́ sí i ní 1972. Apollo 18, 19 àti 20 tó yẹ kó tún lọ sórí òṣùpá, wọ́n ti fagi lé wọn kó tó dìgbà yẹn.

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje 1989, ọjọ́ tó pé ogún ọdún géérégé tí èèyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, Ààrẹ George H. W. Bush ní Amẹ́ríkà máa padà síbẹ̀, wọ́n á dúró níbẹ̀, wọ́n á sì ti ibẹ̀ gba Máàsì lọ. NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà, fi àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣírò rẹ̀, iye tó jáde sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 500 dọ́là, tí wọn yóò ná láàárín ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Àwọn aṣòfin ò bá Ààrẹ jà, wọn ò kàn fún un lówó. Ètò náà kú láìsí ariwo.

Ọmọ rẹ̀, George W. Bush, tún un dá sílẹ̀ ní 2004: kí wọ́n padà sórí òṣùpá kó tó di 2020. Constellation ni wọ́n sọ ètò náà. Ní 2009, ìgbìmọ̀ tí Norman Augustine darí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní owó tó wà nílẹ̀ kò lè gbé e dé ibi tó ń lọ, àfi tí wọ́n bá fi nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là kún un lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó fi í kún un. Lọ́dún kejì, Ààrẹ Barack Obama fagi lé e, ó ní ọ̀kan nínú àwọn àpáta ńlá tó ń yí oòrùn po ni kí èèyàn lọ kí ọdún 2025 tó dé. Ìyẹn náà ò ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2017, Ààrẹ Donald Trump ní òṣùpá ni kí wọ́n padà kọjú sí. NASA fi 2028 ṣe ọdún ìgúnlẹ̀, àmọ́ ní oṣù Kẹta 2019, igbákejì rẹ̀, Mike Pence, dìde ní Huntsville ní Alabama, ó ní ọdún márùn-ún ni òun fún wọn. Ètò Artemis tí gbogbo ayé ń gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí 2024 náà dé, ohun tó jáde ní oṣù Kejìlá rẹ̀ ni ìkéde pé wọ́n ti sún ìgúnlẹ̀ sí 2027.

Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ti Máàsì ò rí bẹ́ẹ̀: ó ti pẹ́ tó ti jìnnà sí wa ní bí ogún ọdún, ogún ọdún náà ò sì dín.

## Kí ló dé tí ti Kennedy fi yọrí?

Ìbéèrè yìí ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1961, Ààrẹ John F. Kennedy sọ fún ilé aṣòfin pé kí èèyàn gúnlẹ̀ sórí òṣùpá kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó ṣẹ. Àwọn tó ń gbèjà ètò ìjọba máa ń tọ́ka síbẹ̀, wọ́n á ní, ẹ wò ó, bí ìpinnu bá wà, ó ṣeé ṣe.

Àwọn oníyèméjì á dá wọn lóhùn pé ìpinnu nìkan kọ́. Nígbà tí owó NASA pọ̀ jù, ní 1966, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ná. Lóde òní, kò tó ìlàjì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Apollo lápapọ̀ ná wọn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 25.8 dọ́là owó ìgbà náà, tó lé ní bílíọ̀nù 250 tí a bá fi owó òní ṣírò rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ná an sì hàn: ní oṣù Kẹrin 1961, Yuri Gagarin ti Soviet ti yí ayé po, Amẹ́ríkà sì pàdánù nínú ìkọlù Bay of Pigs ní Cuba nínú oṣù kan náà. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti borí.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ní ayé Apollo pàápàá, àwọn tó ń ṣiyèméjì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí èrò aráàlú tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà tó rò pé kò tó nǹkan tí à ń náwó lé lórí pọ̀ ju àwọn tó rò pé ó tó lọ. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí Apollo 11 gbéra, Ralph Abernathy, tó gba ipò Martin Luther King Jr. nínú ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, kó àwọn aláìní àti ìbaaka lọ sí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní Florida láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọ̀gá NASA, Thomas Paine, jáde lọ bá wọn. Ó ní tó bá jẹ́ pé bí àwọn bá kọ̀ láti tẹ bọ́tìnnì yẹn lọ́la, òṣì á tán nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Abernathy náà gbàdúrà fún àwọn tó ń lọ.

## Kí ni SLS, kí sì ni àwọn sẹ́nétọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?

SLS, ìkékúrú Space Launch System, ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí NASA ní kó gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá. Bó ṣe di ohun tó dà ló ń bí àwọn alátakò nínú jù.

Nígbà tí Obama fagi lé Constellation, Space Shuttle náà ti ń kógbá wọlé; oṣù Keje 2011 ló fò kẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ní Alabama, Louisiana, Mississippi, Texas, Florida àti Utah ló wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì. Àwọn sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ò ní jókòó máa wò. Òfin tí ilé aṣòfin ṣe ní 2010 pàṣẹ pé kí NASA kan rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, kó lo ẹ̀yà ara Shuttle àti àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ti wà nílẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó sì ti ṣetán kí 2016 tó parí. Látìgbà náà ni àwọn ẹlẹ́gàn ti ń fi lẹ́tà mẹ́ta yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní S àkọ́kọ́ dúró fún Senate, ilé ìgbìmọ̀ àgbà.

Oṣù Kọkànlá 2022 ni SLS tó fò, láìsí èèyàn nínú rẹ̀, nínú ìrìn-àjò Artemis I. Ọdún mẹ́fà ló fi pẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó wà nídìí rẹ̀ ti bá Shuttle fò tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbé wọn bọ̀ wálé, wọ́n ń tún wọn lò. Lọ́tẹ̀ yìí, inú òkun Pacific ni wọ́n parí sí, nítorí SLS kì í padà bọ̀.

Ẹni tó fi iye owó sójú táyé wá kì í ṣe alátakò láti ìta. Paul Martin ni, olùbẹ̀wò àgbà nígbà náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ ìwé owó NASA wò. Ní oṣù Kẹta 2022, ó sọ fún àwọn aṣòfin pé ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò ná bílíọ̀nù 4.1 dọ́là, láìka owó tí wọ́n ti ná láti fi ṣẹ̀dá rọ́kẹ́ẹ̀tì àti Orion, ọkọ̀ tí èèyàn yóò jókòó sí lórí rẹ̀, mọ́ ọn, ó sì ní irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé máa bá lọ. Ọ́fíìsì rẹ̀ ti ṣírò pé Artemis lápapọ̀ yóò gba bílíọ̀nù 93 láti 2012 títí di 2025.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó ló fà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ṣe ń sọ ọ́ léraléra. Oríṣi àdéhùn méjì ló wà. Nínú ti àtijọ́, ìjọba á san gbogbo ohun tí agbaṣẹ́ṣe bá ná, á sì fi èrè lé e. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, owó ń wọlé. Nínú èkejì, wọ́n á jọ fẹnu kò lórí iye kan pàtó. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ló gbé e. Òpó ńlá kejì tí wọ́n ní SLS yóò máa ti ibẹ̀ gbéra, abẹ́ oríṣi àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gbé e fún ilé-iṣẹ́ Bechtel ní 2019, ní mílíọ̀nù 383 dọ́là. Ní 2024, olùbẹ̀wò àgbà ní ó lè dé bílíọ̀nù 2.7. Òpó lásán nìyẹn o, kì í fò.

## Kí ni àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ń sọ?

Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ tí SLS fò, ní 2022, ó gbé Orion sọ́nà òṣùpá, Orion yí i po, Orion sì balẹ̀ sórí omi láìfọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 25. Lóòótọ́, awọ tó ń dáàbò bo Orion lọ́wọ́ iná ojú òfúrufú bó níbi tí wọn ò retí, èyí sì wà lára ohun tó dá ìrìn-àjò kejì dúró. Àmọ́ lójú wọn, iṣẹ́ ìdánwò nìyẹn, kó fi àléébù hàn kí èèyàn tó wọ ọkọ̀.

Wọ́n tún ní àdéhùn iye pàtó kọ́ ni oògùn gbogbo àrùn. Ní 2014, NASA fún ilé-iṣẹ́ Boeing ní bílíọ̀nù 4.2 dọ́là, ó fún ilé-iṣẹ́ SpaceX ní 2.6, kí àwọn méjèèjì máa gbé èèyàn lọ sí ibùdó ojú òfúrufú láti 2017. Ti SpaceX gbé èèyàn ní 2020. Ti Boeing di 2024, àwọn méjì tó gbé lọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sì lo ju oṣù mẹ́sàn-án lọ lókè kí ọkọ̀ SpaceX tó gbé wọn bọ̀. Àwọn oníyèméjì á ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Boeing ló gbé àdánù tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, kì í ṣe àpò ìjọba. Ibi tí àríyànjiyàn yìí ti ń di yíyípo nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2021 ni SpaceX gba iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 2.9, Blue Origin sì gba tirẹ̀ ní bílíọ̀nù 3.4 ní 2023. Starship, ọkọ̀ ti SpaceX, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ epo lójú òfúrufú kó tó lè lọ, ọkọ̀ agbépo tí yóò gbéra fún ìyẹn nìkan yóò sì ju mẹ́wàá lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ NASA ṣe sọ.

## Ṣé róbọ́ọ̀tì ò lè ṣe é ni?

Èyí ni iyèméjì àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn, ó sì ti pẹ́. James Van Allen, tó fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà ṣàwárí ìtànṣán tó yí ayé ká ní 1958, ṣàríwísí ìrìn-àjò èèyàn títí tó fi dàgbàlagbà. Martin Rees, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní kí ìjọba fi ewu náà sílẹ̀ fún àwọn olówó tó bá wù láti fi owó ara wọn lọ. Ẹ̀rí wọn ò kéré. Róbọ́ọ̀tì Opportunity balẹ̀ sí Máàsì ní oṣù Kínní 2004 fún iṣẹ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọdún 2018 ló dákẹ́. Kì í jẹun, kì í mu omi, kò sì sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé.

Àwọn tó fẹ́ èèyàn á dá wọn lóhùn pẹ̀lú Harrison Schmitt. Òun nìkan ni onímọ̀ nípa òkúta tó rìn lórí òṣùpá. Ní oṣù Kejìlá 1972, bó ṣe ń rìn lẹ́bàá kòtò kan ló rí erùpẹ̀ aláwọ̀ ọsàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun pàtàkì ni. Ègé gíláàsì wẹ́wẹ́ ni, láti ara òkè ayọnáyèéfín àtijọ́. Wọ́n ní ojú tó mọ ohun tó ń wá kò ṣeé fi kámẹ́rà rọ́pò. Wọ́n tún ní àwọn ẹ̀rọ Soviet mẹ́ta tó lọ láyé ìgbà náà kò kó tó ìlàjì kílò bọ̀ lápapọ̀, nígbà tí èèyàn kó 382.

Ṣùgbọ́n ní 2024, ẹ̀rọ Chang'e 6 ti China kó nǹkan bíi kílò 1.9 bọ̀ láti ẹ̀yìn òṣùpá, ìhà tí kò kọjú sí ayé, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ò tíì tẹ̀ rí. Ẹ̀rọ sì ń dára sí i lọ́dọọdún. Ara èèyàn wà bó ṣe wà.

## Máàsì ńkọ́?

Ibẹ̀ ni iyèméjì ti le jù. Ìgbà kan láàárín oṣù 26 ni ọ̀nà máa ń là dáadáa láàárín ayé àti Máàsì, ìrìn-àjò àlọ nìkan sì máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sínú róbọ́ọ̀tì Curiosity wọn ìtànṣán tó ń wọlé nígbà tó ń lọ: àlọ àti àbọ̀ yóò tó nǹkan bíi 660 ní òṣùwọ̀n mìlísífẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó ń wọ ara. Iye tí NASA gbà kí arìnrìn-àjò òfúrufú kan gbà sára ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 600. Eegun ẹsẹ̀ àti ìbàdí ń dín ní bí ìdá kan sí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù tí èèyàn bá wà níbi tí ara ò ti wúwo. Ohun tó wúwo jù tí NASA tíì gbé balẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Ilé àti ọkọ̀ èèyàn yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ níye ìgbà.

## Ṣé China náà ń sún ọjọ́ ni?

China ni ìdáhùn tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà máa ń mú jáde bí wọ́n bá béèrè ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yára. Ìjọba China ní èèyàn òun yóò gúnlẹ̀ sórí òṣùpá kí ọdún 2030 tó dé. Ètò wọn ti wà láti 1992: ẹni àkọ́kọ́ wọn, Yang Liwei, fò ní 2003, ibùdó ojú òfúrufú wọn, Tiangong, sì parí ní 2022, tó pẹ́ díẹ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n dá. Kò sí ìdìbò tó ń yí ètò padà níbẹ̀. Iye tí wọ́n ń ná ò sì hàn síta, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti fi wé ti Amẹ́ríkà.

India náà wà lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹjọ 2018, olórí ìjọba rẹ̀, Narendra Modi, ní èèyàn yóò fò nínú ọkọ̀ India kí 2022 tó parí. Ọdún náà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Chandrayaan-3 tí kò gbé èèyàn gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní oṣù Kẹjọ 2023, àwọn tó fẹ́ràn róbọ́ọ̀tì ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

## Ta ni yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu bí ètò bá tún yí?

Àwọn alájọṣe ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀yà tó ń fún Orion ní iná, omi àti afẹ́fẹ́, Bremen ní Jámánì ni wọ́n ti ń tò ó. Canada àti Japan náà ti fi owó àti ẹ̀rọ sí i.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí kò ní èèyàn nínú. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ilé ìjọba Trump dábàá pé kí wọ́n gé owó NASA láti bíi bílíọ̀nù 24.8 sí 18.8, kí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì pàdánù nǹkan bí ìlàjì owó rẹ̀, kí SLS àti Orion sì kógbá wọlé lẹ́yìn Artemis III. Oṣù Keje ọdún náà ni àwọn aṣòfin fi nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là kún owó NASA nínú òfin mìíràn, tí bílíọ̀nù 4.1 nínú rẹ̀ jẹ́ ti SLS tí Ààrẹ fẹ́ pa. Ààrẹ kan náà ló dábàá, Ààrẹ kan náà ló buwọ́ lù ú. Aráàlú ńkọ́? Nígbà tí Pew Research Center bi àwọn ará Amẹ́ríkà ní 2023 nípa ohun tó yẹ kó gbawájú fún NASA, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún mú ṣíṣọ́ àwọn àpáta tó lè já lu ayé. Ìdá 12 ló mú rírán èèyàn sórí òṣùpá, ìdá 11 mú Máàsì.

## Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé "kò ní ṣáájú ọdún báyìí", kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, àwọn tó ń ká ìròyìn sì sábà máa ń gé e kúrò. Nínú ìwé NASA, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ tẹ̀ lé "kò ní ṣáájú" ni ọjọ́ tó yá jù tó lè ṣẹlẹ̀ bí gbogbo nǹkan bá lọ geerege: bí epo ò bá jò, bí aṣọ ojú òfúrufú bá tètè ṣetán, bí ọkọ̀ agbépo bá gbéra lásìkò, bí àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí owó. Aṣọ náà nìkan, NASA ti ná mílíọ̀nù 420 dọ́là lé e lórí láti 2007 kó tó gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni Axiom Space ní 2022. Tí ìròyìn bá wá dé etí aráàlú, "kò ní ṣáájú 2027" á ti di "ní 2027".